Wi-Fi ráútà OpenWrt mi ń wọ́ bí ìgbín: kí ni kí n ṣe kí n tó yọ OpenWrt kúrò?

AráBódìjà, Ọjọ́ Ẹtì, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti fi OpenWrt, sọ́fítíwíà tí a lè fi rọ́pò èyí tó bá ráútà wá, sórí ráútà ilé wa ní Ìbàdàn, nítorí pé ilé iṣẹ́ tó ṣe ráútà náà kò fi àtúnṣe ààbò ránṣẹ́ sí i mọ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ pé kóòdù OpenWrt wà ní gbangba tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣíìpù inú rẹ̀ ni QCA9563, rédíò 5 GHz rẹ̀ ni QCA9880, ìrántí rẹ̀ jẹ́ 128 MB, ẹ̀yà OpenWrt tó wà lórí rẹ̀ báyìí sì ni 23.05. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, módẹ́ẹ̀mù 4G ni a ń lò. Oṣù tó kọjá ni a gba íntánẹ́ẹ̀tì fáìbà, tí wọ́n ní yóò máa sáré dé 100 Mbps.

Bí mo bá fi wáyà so kọ̀ǹpútà mi mọ́ àpótí fáìbà, mo ń rí 94 Mbps. Bí mo bá wà lórí Wi-Fi, 17 tàbí 18 ni mo ń rí, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ráútà gan-an ni mo dúró sí. Ìyàwó mi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé lórí fídíò láti ilé, bí àwọn ọmọ wa bá sì ti tan tẹlifíṣàn, ohùn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ọ̀rẹ́ mi kan ní OpenWrt ló fà á, ó ní kí n dá sọ́fítíwíà tó bá ráútà náà wá padà sórí rẹ̀. N kò fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó gbọ́ tẹnu yín.

OníWáyà, Ọjọ́ Ẹtì, 9:31 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ìkànnì, ìyẹn apá ojú ìgbì tí Wi-Fi yín ń lò, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Lórí 2.4 GHz, ìkànnì 1, 6 àti 11 ni a lè lò pọ̀ láìjẹ́ pé ọ̀kan gun orí èkejì. Aládùúgbò tó bá fi tirẹ̀ sí ìkànnì 3 ń da ẹni tó wà lórí 1 láàmú, ó sì tún ń da ẹni tó wà lórí 6 láàmú. Ẹ lọ sí Status, lẹ́yìn náà Channel Analysis nínú LuCI, ojú ìwé tí a fi ń ṣàkóso OpenWrt, ẹ ó rí bí àwọn ará àdúgbò ṣe pín sí. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ ìmóúnjẹ-gbóná tí ń lo ìgbì, ẹ gbé ráútà jìnnà sí i, nítorí ojú ìgbì kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò.

ÌyáIléẸ̀rọ, Ọjọ́ Ẹtì, 10:05 alẹ́

Ẹ kú alẹ́, AráBódìjà. Ẹ kú ìfaradà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kan ohunkóhun, pàápàá jù lọ ìkànnì, títí a ó fi mọ ibi tí ìdènà wà. Ìmọ̀ràn OníWáyà kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yí nǹkan mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan náà kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú wọn.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yín tí ó yẹ kí a tún wò. Ìwọ̀n 94 Mbps tí ẹ rí kò gba inú ráútà kọjá rárá, torí pé ẹ so kọ̀ǹpútà mọ́ àpótí fáìbà tààrà. Nítorí náà, a kò tíì mọ̀ bóyá Wi-Fi ni aláìsàn, tàbí ráútà fúnra rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni dátà ń gbà kó tó dé ọwọ́ yín: láti àpótí fáìbà dé ráútà, láti ihò WAN ráútà, tó kọjú sí íntánẹ́ẹ̀tì, dé ihò LAN rẹ̀, tó kọjú sí ilé, àti láti rédíò ráútà dé fóònù. Ẹ jẹ́ kí a wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ so kọ̀ǹpútà mọ́ ihò LAN ráútà, kí ẹ pa Wi-Fi rẹ̀, kí ẹ sì tún wọn íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi iperf3, irinṣẹ́ tó ń wọn ìyára láàárín ẹ̀rọ méjì, sórí kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ kọ `iperf3 -s` síbẹ̀, kí ó wà lórí wáyà. Ẹ wá mú kọ̀ǹpútà alágbèéká mìíràn sórí Wi-Fi ní ìwọ̀n mítà méjì sí ráútà, kí ẹ kọ `iperf3 -c` pẹ̀lú àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, kí ẹ tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú `-R` ní ìparí, kí a lè rí àlọ àti àbọ̀. Ẹ ṣe é fún 2.4 GHz àti 5 GHz lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má ṣe fi iperf3 sórí ráútà fúnra rẹ̀, nítorí iṣẹ́ ìwọ̀n náà yóò gba gbogbo agbára ṣíìpù rẹ̀, èsì tí ẹ bá rí yóò sì kéré ju òtítọ́ lọ.

ẸgbáLóPeckham, Ọjọ́ Ẹtì, 10:40 alẹ́

Mo kí yín láti London. Mo lo ráútà tó ní rédíò QCA9880 fún ọdún mélòó kan. Dráífà, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń darí rédíò, tí OpenWrt sábà máa ń fi sí i ni ath10k-ct, ṣùgbọ́n ẹ lè yọ kmod-ath10k-ct àti ath10k-firmware-qca988x-ct kúrò, kí ẹ fi kmod-ath10k àti ath10k-firmware-qca988x rọ́pò wọn. Èyí kejì ló bá àwọn fóònù tí ó wà nílé mi mu jù. Ohun tí mo bá kọ́kọ́ dánwò nìyẹn bí mo bá wà ní ipò yín.

BàbáOníBátìrì, Ọjọ́ Ẹtì, 11:02 alẹ́

Ẹ má gbàgbé iná. Ọ̀pọ̀ wa ló ń fi bátìrì kékeré alágbára 12V gbé ráútà ró nígbà tí iná bá lọ. Bí ohun tí bátìrì náà lè gbé kò bá tó iye ampere tí wọ́n kọ sí ìdí ráútà, ráútà lè máa pa ara rẹ̀, kó sì tún máa tan, pàápàá nígbà tí rédíò méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́ kára. Oṣù méjì ni mo fi ń wá àṣìṣe nínú sọ́fítíwíà kí n tó mọ̀ pé ṣájà tí mo rà lọ́jà ni kò tó. Ẹ fi èyí tó bá ráútà wá ṣe ìdánwò, kí iná NEPA sì wà.

ÌyáIléẸ̀rọ, Ọjọ́ Ẹtì, 11:15 alẹ́

Òótọ́ ni BàbáOníBátìrì sọ. Uptime tó wà lójú ìwé Status yóò fi hàn bóyá ráútà ń pa ara rẹ̀ tó sì ń tún tan. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n Peckham, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí ìyípadà dráífà dúró ná. Iṣẹ́ tó lè fi ráútà sílẹ̀ láìní 5 GHz rárá ni bí dátà bá já ní agbedeméjì, a kò sì tíì ní ẹ̀rí pé rédíò ló jẹ̀bi.

AráBódìjà, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:20 àárọ̀

Ẹ ṣé gan-an. Ráútà ti wà láàyè fún ọjọ́ 19 láìkú, nítorí náà iná kọ́. Ṣájà tó bá a wá ni mo sì lò. Èsì rèé.

Wáyà láti ihò LAN ráútà sí íntánẹ́ẹ̀tì: 18 Mbps. Èyí yà mí lẹ́nu púpọ̀.
iperf3 lórí 2.4 GHz, mítà méjì: 21 Mbps ní àlọ, 20 ní àbọ̀.
5 GHz: orúkọ rẹ̀ kò yọ lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà kankan. Gbogbo ìgbà yìí, mo rò pé orí 5 GHz ni a wà ni.

Akẹ́kọ̀ọ́Ifẹ̀, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:48 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìṣòro mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ yín, wọ́n kàn fara pamọ́ sẹ́yìn ara wọn ni. Mo fẹ́ sọ nípa àkọ́kọ́. Wáyà tó ń fúnni ní 18 géérégé, tí kì í lọ sókè tí kì í wá sílẹ̀, jọ nǹkan tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí. Nígbà tí ẹ ń lo módẹ́ẹ̀mù 4G, ṣé ẹ kò fi SQM, ètò tó ń fi òpin sí ìyára íntánẹ́ẹ̀tì kí dátà má bàa tò pọ̀, sí i? Ẹ wo Network, lẹ́yìn náà SQM QoS. Kbit/s ni wọ́n fi ń kọ iye ibẹ̀. Bí ẹ bá rí 18000 níbẹ̀, ẹ ti rí i.

AráBódìjà, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12:05 ọ̀sán

18000 gan-an ni mo bá níbẹ̀! Mo ti gbàgbé pátápátá. 4G wa ìgbà náà máa ń tó 20 Mbps, mo sì fi ìdá mẹ́wàá rẹ̀ sílẹ̀ bí ìtọ́sọ́nà tí mo kà ṣe ní kí n ṣe. Gbogbo ìgbà tí mo bá fi ẹ̀yà tuntun sí i ni mo máa ń fi àmì sí "Keep settings", torí náà ló ṣe ń tẹ̀lé mi láti ẹ̀yà dé ẹ̀yà. Mo ti pa á, wáyà láti ihò LAN sì di 93 Mbps. Wi-Fi 2.4 GHz ṣì wà ní 21 lórí iperf3.

OníWáyà, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12:11 ọ̀sán

Ẹ kú oríire. Ẹ yọ SQM náà kúrò pátápátá, kí ẹ sì tan Software flow offloading lójú ìwé Firewall, kí ráútà lè sinmi.

ẸgbáLóPeckham, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12:50 ọ̀sán

Rárá o, àbúrò mi OníWáyà, èyí ni n kò lè gbà pẹ̀lú yín, nítorí pé SQM gan-an ni yóò tún ìṣòro ìyàwó AráBódìjà ṣe, bí wọ́n bá fi iye tó yẹ sí i.

Nígbà tí ẹnì kan nínú ilé bá ń fi fáìlì ńlá ránṣẹ́, tàbí tí tẹlifíṣàn bá ń fa fídíò, páákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ègé dátà kéékèèké, á tò gbọọrọ sínú àpótí fáìbà. Ohùn olùkọ́ tí ń sọ̀rọ̀ lórí fídíò kéré, kò gba àyè, àmọ́ ẹ̀yìn ìlà gígùn yẹn ló máa dúró sí bí ènìyàn tó wá ra búrẹ́dì ẹyọ kan lẹ́yìn ẹni tó ń ra fún gbogbo ilé-ìwé. Bí a bá sọ fún ráútà pé kí ó máa fi páákẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ díẹ̀ lábẹ́ ohun tí fáìbà lè gbé, ìlà náà yóò kúrò nínú àpótí fáìbà, yóò wá sínú ráútà, níbi tí cake, ètò inú SQM tó ń to ìlà, ti lè pín àyè fún oníkálukú ní déédéé. Ìdí nìyí tí a fi ń dín iye rẹ̀ kù. Fún 94 Mbps, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 85000 fún ohun tó ń wọlé. Fún ohun tó ń jáde, ẹ kọ́kọ́ wọn ìyára rẹ̀, kí ẹ sì mú ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ẹ yan cake àti piece_of_cake.qos.

LuCI fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ flow offloading pé kò bá SQM mu tán. Ẹ yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Lóòótọ́, SQM ń gba agbára ṣíìpù. Nígbà tí ẹ bá ń wọn íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣí SSH, tí a fi ń kọ àṣẹ sínú ráútà, ẹ kọ `top`, kí ẹ wo sirq, ìyẹn ìdá agbára ṣíìpù tí iṣẹ́ páákẹ́ẹ̀tì ń gbà. Bí ó bá súnmọ́ 100, ṣíìpù ti dé òpin rẹ̀, ẹ dín iye SQM kù tàbí kí ẹ ra ráútà tó lágbára jù. Ní 85 Mbps, n kò retí pé QCA9563 yóò dé ibẹ̀.

OníWáyà, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1:02 ọ̀sán

Mo gbà, ẹ̀gbọ́n. Ẹnì kan ṣoṣo ni mí nílé mi, ìdí nìyẹn tí n kò fi mọ̀ ọ́n lára.

Akẹ́kọ̀ọ́Ifẹ̀, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1:20 ọ̀sán

Ó ku ọ̀rọ̀ 21 Mbps. Ẹ lọ sí Status, Overview, kí ẹ wo Associated Stations nísàlẹ̀, níbi tí RX Rate àti TX Rate wà. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ fún kọ̀ǹpútà ìyàwó yín? Mo fura sí TKIP, ọ̀nà àtijọ́ tí a fi ń pa dátà Wi-Fi mọ́ ní àṣírí. Òfin 802.11n, ìran Wi-Fi kan tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2009, kò gba ẹni tó ń lo TKIP láyè láti lo ìyára tuntun, kò lè kọjá ìyára 802.11g àtijọ́. Ẹ yẹ Wireless Security wò, kí ó jẹ́ WPA2-PSK pẹ̀lú CCMP, èyí tó rọ́pò TKIP.

AráBódìjà, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1:34 ọ̀sán

"54.0 Mbit/s, 20 MHz" ni wọ́n kọ, ní RX àti TX, fún gbogbo ohun tó wà lórí Wi-Fi. WPA2-PSK (CCMP) ni mo bá níbẹ̀, torí náà TKIP kọ́.

ÌyáIléẸ̀rọ, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2:10 ọ̀sán

Ọ̀nà tí Akẹ́kọ̀ọ́Ifẹ̀ gbà wò ó dára, ibi tó forí lé ló sì tọ́. Nǹkan tó sọnù nínú ìlà yẹn ni MCS, nọ́ńbà tó ń sọ ìpele ìyára 802.11n. Bí 802.11n bá ń ṣiṣẹ́, ẹ ó máa rí nǹkan bíi "144.4 Mbit/s, 20 MHz, HT-MCS 15, Short GI". Níbi tí ẹ bá ti rí 54 láìsí MCS, 802.11g ọdún 2003 ni ẹ̀rọ yín ń sọ. Nínú 54 yẹn, ohun tí dátà gidi máa ń rí lò kì í ju bíi 20 sí 25 lọ, torí pé ìdúró, ìjẹ́wọ́ gbígbà àti àkọlé páákẹ́ẹ̀tì ń jẹ ìyókù. Ẹ rí i pé 21 tí ẹ wọn bá a mu rẹ́gí.

Nǹkan mẹ́ta ló sábà máa ń fa èyí. TKIP ni a ti yọ kúrò. Ìkejì ni Mode tó wà lókè ojú ìwé rédíò: bí "Legacy" bá wà níbẹ̀, ẹ yí i sí "N". Ìkẹta ló pọ̀ jù láàárín àwọn tó ti lo OpenWrt pẹ́: ẹ wo Interface Configuration, General Setup, kí ẹ wo bóyá àmì wà nínú àpótí WMM Mode, ètò tó ń fún ohùn àti fídíò ní àyè àkọ́kọ́ lórí Wi-Fi. 802.11n kò lè ṣiṣẹ́ láìsí WMM. Bí ẹ bá yọ ọ́, àwọn fóònù lè padà sí ìyára 802.11a tàbí 802.11g, LuCI sì kọ ìkìlọ̀ náà sí abẹ́ àpótí ọ̀hún.

AráBódìjà, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2:41 ọ̀sán

Ìyá, Ọlọ́run á bùkún yín. "N" ni Mode, ṣùgbọ́n kò sí àmì nínú WMM. Mo rántí báyìí pé fídíò kan ní kí n yọ ọ́, pé yóò jẹ́ kí eré orí fóònù àwọn ọmọ yá. Mo dá a padà, mo tún wọn 2.4 GHz: 74 Mbps ní àlọ, 70 ní àbọ̀. Ẹ̀rọ kan náà, ibì kan náà.

Ó wá ku 5 GHz. Country US àti ìkànnì 100 ni mo bá níbẹ̀, láti ọwọ́ fídíò yẹn kan náà, tó ní US ń jẹ́ kí rédíò lágbára sí i. Mo kọ `logread` láti ka àkọsílẹ̀ ráútà, mo sì rí DFS-CAC-START, lẹ́yìn náà DFS-RADAR-DETECTED.

ẸgbáLóPeckham, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3:15 ọ̀sán

Ìkànnì 100 wà lára àwọn tí ráútà gbọ́dọ̀ pín lò pẹ̀lú rédà, ìyẹn ni DFS. Kí ó tó lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ tẹ́tí sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, ìyẹn ni CAC. Bí ó bá gbọ́ ohun tó jọ rédà, yálà rédà ni tàbí ariwo tó dàbí rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kúrò, kò sì gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀ títí ìdajì wákàtí yóò fi kọjá. Ìdí nìyẹn tí orúkọ náà fi ń pòórá. Àwọn tẹlifíṣàn kan wà tí wọn kì í wo ìkànnì wọ̀nyí rárá.

ÌyáIléẸ̀rọ, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3:30 ọ̀sán

Ẹ yí Country sí NG, ìyẹn Nàìjíríà, nítorí òfin orílẹ̀-èdè tí ráútà wà ló yẹ kó máa tẹ̀lé, èyí tí NCC ń ṣàmójútó lọ́dọ̀ wa. Ohun tí fóònù bá sọ padà sí ráútà kò ní torí US lágbára sí i, torí náà kò sí èrè níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìkànnì 149, Mode AC, ìbú 80 MHz. Kò sí ìdúró rédà níbẹ̀. Bí ẹ bá ti ṣe é tán, ẹ kọ `iw reg get`, kí ẹ rí i dájú pé NG ló yọ.

Fún 2.4 GHz, ẹ fi ìbú sílẹ̀ ní 20 MHz. Àwọn kan yóò ní kí ẹ fi 40 sí i. Ní àdúgbò tí ilé so mọ́ ilé, 40 MHz gba nǹkan bí ìdajì gbogbo àyè 2.4 GHz, ẹ ó máa dá àwọn aládùúgbò lẹ́nu, wọn ó sì máa dá yín lẹ́nu.

OníWáyà, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3:44 ọ̀sán

Èmi ló kù díẹ̀ kí n sọ 40 yẹn. Nísinsìnyí tí ó kan ìkànnì, ẹ̀gbọ́n, ẹ lè wá yan 1, 6 tàbí 11 gẹ́gẹ́ bí Channel Analysis bá ṣe fi hàn.

AráBódìjà, Ọjọ́ Àìkú, 6:30 ìrọ̀lẹ́

Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀. 5 GHz lórí ìkànnì 149: iperf3 fún mi ní 390 Mbps ní pálọ̀. SQM wà ní 85000, sirq kò sì dé ìdajì nígbà tí mo ń wọn íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ní kí àwọn ọmọ tan tẹlifíṣàn, kí èmi náà máa fi fáìlì ńlá ránṣẹ́, nígbà tí ìyàwó mi ń bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fídíò fún ogún ìṣẹ́jú. Ohùn kò já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Ibì kan ló ṣẹ́kù: yàrá ẹ̀yìn, tí ògiri búlọ́ọ̀kù méjì dínà mọ́. 5 GHz kò dé ibẹ̀ dáadáa, 2.4 GHz sì fún mi ní 26. Mo ní ráútà àtijọ́ kan tó lè gba OpenWrt. Ṣé kí n fi ṣe ohun tí yóò máa gba Wi-Fi tí yóò sì máa tún un fọ́n?

Akẹ́kọ̀ọ́Ifẹ̀, Ọjọ́ Àìkú, 7:05 alẹ́

Bí rédíò kan bá ń gba ọ̀rọ̀ tó sì ń tún un sọ lórí ìkànnì kan náà, ìyára á pín sí méjì, torí pé gbogbo páákẹ́ẹ̀tì ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá lè fa wáyà dé yàrá náà, ẹ fa á. Ẹ so ó mọ́ ihò LAN ráútà àtijọ́, ẹ pa DHCP rẹ̀, tó ń pín àdírẹ́sì fún àwọn ẹ̀rọ, ẹ fún un ní àdírẹ́sì tirẹ̀ bíi 192.168.1.2, kí ẹ fi orúkọ Wi-Fi àti ọ̀rọ̀ ìwọlé kan náà sí i, ṣùgbọ́n kí ìkànnì rẹ̀ yàtọ̀ sí ti pálọ̀. Ẹ má ṣe dá àkójọ ètò ráútà àkọ́kọ́ padà sórí rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti òfo.

OníWáyà, Ọjọ́ Àìkú, 7:22 alẹ́

Ọ̀rọ̀ wáyà ni iṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Wáyà Cat5e ti tó fún gígábíìtì títí dé 100 mítà. Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ béèrè èyí tó jẹ́ bàbà lásán. Ọ̀pọ̀ olówó pọ́ọ́kú ni álúmínọ́ọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lójú. Ó máa ń ṣẹ́ níbi tí a bá ti tẹ̀ ẹ́, ó sì fúyẹ́ lọ́wọ́ ju bàbà lọ. Ẹ ha á pẹ̀lú ọ̀bẹ, bí inú rẹ̀ bá funfun, ẹ dá a padà. Okùn mẹ́jọ tó wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kan orí péré-péré ní ìdí méjèèjì, torí pé mẹ́rin péré ni 100 Mbps ń lò, ṣùgbọ́n mẹ́jọ ni gígábíìtì ń lò. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rin yòókù bá já, ráútà lè má sọ fún yín, á kàn rọra padà sí 100 ni. Lẹ́yìn tí ẹ bá fa á tán, ẹ wo LuCI, kí ẹ rí i pé gígábíìtì ni wọ́n kọ sí ojú ihò náà.